Ìgbà tí Ìwé Ń Dún Nílé Wa

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ iléèwé yẹn kọjá. Ṣé ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo òyìnbó lọ lójú títì? Lọ́sàn-án gbogbo ni wọ́n ń gba iwájú ilé yìí lọ, tí àpò ẹ̀yìn wọn á máa gbá wọn ní ìdí. Ariwo náà dùn ún gbọ́, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wọlé tán, ẹ tẹ́tí sílẹ̀, ẹ kò ní gbọ́ ohùn ọmọ kankan tó ń kàwé títí ilẹ̀ ọ̀la yóò fi mọ́. Ẹ ó gbọ́ jẹnẹrétọ̀. Ẹ ó gbọ́ fóònù tó ń kọrin. Ìwé ní tirẹ̀ ti yadi ní àdúgbò yìí.

Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé ní Ìdògò níbí, ìwé máa ń dún ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti oko ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ odó, ẹ ó gbọ́ ewúrẹ́ tó ń wọlé, lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ láti agbolé kan dé èkejì, tí kálukú ń fa "b-a, ba, b-e, be" bí ẹni ń fa omi nínú kànga. Ọmọ Mùsùlùmí ń ké wàláà tirẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ọmọ onígbàgbọ́ ń ké ABD lọ́wọ́ òsì, bàbá arúgbó tó jókòó láàárín wọn, tí kò mọ ọ̀kankan nínú méjèèjì, á sì máa mi orí sí gbogbo rẹ̀.

Ìyá mi kò mọ̀wé. Gàrí ló ń yan. Ìdí ààrò gàrí ni iléèwé wa kejì, èmi àti àbúrò mi obìnrin, Àbẹ̀kẹ́. A ó jókòó sórí àpótí lápá ibi tí èéfín kò fẹ́ sí, a ó sì máa kàwé sókè fún un. Màmá mi kò wo ojú ìwé rí. Etí ló fi ń ṣọ́ wa. Bí ohùn ọmọ bá ti kọsẹ̀ díẹ̀, àfọ́kù igbá tó fi ń ro gàrí á dúró.

"Ohùn rẹ tiro níbẹ̀ yẹn. Padà sẹ́yìn."

"Màmá, mo kà á dáadáa."

"N kò sọ pé o kò kà á dáadáa. Mo ní ohùn rẹ tiro. Padà."

A ó padà. Nígbà mìíràn, a ó padà títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi rìn geere, ìgbà yẹn ni igbá á tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro gàrí.

Ọjọ́ kan wà tí Àbẹ̀kẹ́ ń ka ìtàn ọmọ kan tó sọnù lọ́jà. Màmá dáwọ́ dúró láti gbọ́ bí wọn yóò ṣe rí ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ni Àbẹ̀kẹ́ kò yára kàwé rárá nígbà náà, ó ń wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Kí ó tó dé ibi tí wọ́n ti rí ọmọ, gàrí odindi agbada ti jó, ó ti pọ́n bí ilẹ̀pa. Gàrí jíjó yẹn la jẹ títí ó fi sú ajá pàápàá. Nígbà tí bàbá wa dé láti oko, tó béèrè ohun tó fà á, màmá ní, "Wọn ò tíì rí ọmọ náà ni." Bàbá kò béèrè ọmọ ta ni. Ó jókòó, ó ní kí Àbẹ̀kẹ́ kà á parí kí òun náà gbọ́.

Bàbá wa ní tirẹ̀ mọ̀wé díẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ ọ nígbà tó ti dàgbà, ó sì máa ń fi ìka tọ ẹsẹ̀ ìwé lọ bí ẹni ń tọ ipa ẹ̀tà nínú igbó. Òun ló fi ẹfun kọ ABD yí ògiri yàrá wa ká láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kan títí a fi tún kan ilẹ̀kùn náà. Tí Kérésì bá ń bọ̀, a ó tún ògiri rẹ́, gbogbo lẹ́tà á pa rẹ́. Ọmọ tó bá lè tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni bàbá máa ń fún ní iwe adìẹ ọdún. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ti baálé ilé ni iwe adìẹ. Bàbá á gbé e fún ọmọ, á ní, "Ẹni tó mọ ìwé ni kó jẹ iwe." Ọ̀rọ̀ kan náà ni ní ọdọọdún, ọdọọdún náà la sì ń rẹ́rìn-ín. Ọdún tí mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́, n kò tètè gbé e mì. Mo fi í pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí a fi dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọkọ̀ ojú irin sì tún wà. Ìdògò níbí ni ojú irin náà parí sí, òun ló ń kó obì àti ẹyìn àti gàrí wa lọ sí Ìlaròó àti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí a bá ti gbọ́ fèrè rẹ̀, a ó sáré lọ síbẹ̀. Kì í ṣe pé a fẹ́ wọ̀ ọ́, ta ni yóò gbé ọmọdé lọ síbo? Lẹ́tà ara rẹ̀ la fẹ́ kà. Wọ́n kọ lẹ́tà gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ó sì máa sáré tẹ̀ lé e bó ṣe ń fà lọ, ká lè kà á tán kó tó sá mọ́ wa lójú. Ẹni tó bá ṣubú á dìde, á máa bá lẹ́tà rẹ̀ lọ. Koríko ti bo ojú irin náà báyìí. Ìgbà tí ojú mi ṣì ríran, mo máa ń rí i tí àwọn èèyàn ń sá ẹ̀gẹ́ sí ibi tí a ti ń sáré yẹn.

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ òwe yẹn títí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Mojí, tí ẹ ń béèrè láti ìgbà tí ẹ ti dé pé ibo ló wà.

Ẹ mọ ìyá rẹ̀, Fúnkẹ́, àbúrò bàbá yín, àbíkẹ́yìn mi. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ gba ọ̀nà Kútọnu lọ tí kò padà, Fúnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ òkìrìkà ní Tube lẹ́bàá ẹnubodè, ó sì gbé Mojí wá sọ́dọ̀ mi. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ eyín ni. Màmá yín àgbà ti kú, àwa méjèèjì náà la wà nínú ilé. Fúnkẹ́ fi í sí iléèwé kan tí aṣọ rẹ̀ lẹ́wà, tí wọn kì í gbà kí ọmọ sọ Yorùbá nínú ọgbà wọn. Lójoojúmọ́ tí Mojí bá jẹun ọ̀sán tán, mo máa ń ní kó kàwé fún mi, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe fún ìyá mi. Á gbé ìwé rẹ̀ lé itan, á sì kà á gbuuru, òyìnbó tí èmi tí mo ka Ìwé Kẹfà kò lè kà bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ ọmọ mi yóò di adájọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ fi àpò ìrẹsì ránṣẹ́ láti Tube. Lẹ́tà mẹ́ta gàdàgbà ni wọ́n kọ sára rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Faransé lódìkejì ẹnubodè. Ojú mi ṣì ríran díẹ̀ nígbà náà. Mo ní, "Mojí, ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún mi."

Ó wo àpò náà. "Ìrẹsì."

Inú mi dùn. Mo wá fi ìka lé lẹ́tà àkọ́kọ́. "Kí ni orúkọ eléyìí?"

Ó wo ìka mi. Mo fi ìka lé èkejì, èyí tó jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo tó dúró ṣánṣán. Ìka mi náà ló tún wò.

"Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé ìrẹsì ni?"

"Bàbá, mo gbọ́ bó ṣe dún nígbà tí wọ́n gbé àpò yẹn sílẹ̀."

Mo ní kó gbé ìwé rẹ̀ wá. Mo fọwọ́ bo òkè ojú ewé, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó fi orí rìn. Ó ní, "Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti ibẹ̀." Ọmọ náà ti há gbogbo ìwé náà sórí bí ẹni há orin sórí, kò sì mọ ẹyọ lẹ́tà kan níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Etí tí ìyá mi fi ń ṣọ́ wa ni èmi náà fi ń ṣọ́ ọmọ yìí láti ọjọ́ yìí wá, ohùn rẹ̀ kò sì tiro rí. Àṣé ohùn tí kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀ kò lè tiro.

Ní ọjọ́ kejì, mo mú ọ̀pá mi, mo lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ọmọ Ayétòrò, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi nínú iyanrìn kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé fún un.

"Bàbá, mo mọ̀," ló wí. "Kì í ṣe òun nìkan."

"O mọ̀, o sì ń wò ó?"

"Ẹ wo iye ọmọ tó wà nínú yàrá yẹn, sà. Bí mo bá dúró lórí lẹ́tà kan títí gbogbo wọn fi mọ̀ ọ́n, àwọn òbí á wá bá ọ̀gá wa pé ọmọ àwọn ò gbọ́ òyìnbó. Ohùn òyìnbó ni wọ́n ń fẹ́ gbọ́ nílé. Ohùn yẹn ni mo ń fún wọn." Ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń gbọ́. "Ẹ bá mi kọ́ ọ nílé, sà."

"Ta ló wà nílé?"

"Ẹ̀yin náà ni, Bàbá."

Bí mo ṣe ń bọ̀, mo ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ tí ìyá tí kò mọ̀wé ṣe yọrí nídìí ààrò, kò yẹ kó ṣòro fún èmi tí mo ti ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà èwe mi.

Mo wá ẹfun. Ṣùgbọ́n ògiri dà? Bàbá yín ti fi ọ̀dà kun ilé yìí, n kò bá a wí, ilé náà dára, ṣùgbọ́n ẹfun kì í mú lára ọ̀dà. Ilẹ̀ àgbàlá tí à bá fi ìka kọ lẹ́tà sí, wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì bò ó. Mo yí ilé ká bí ẹni tí nǹkan sọnù fún. Níkẹyìn, mo gbé pátákó ilẹ̀kùn àtijọ́ kan jáde, mo fi èédú kun ún dúdú, ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. A. B. D. Ó kọ́kọ́ ń kùn pé ABD Yorùbá kọ́ ni wọ́n ń kọ́ àwọn. Mo ní kó fara balẹ̀, ẹni tó bá mọ ọ̀nà oko tirẹ̀ kò ní sọnù lóko ẹlòmíràn.

Ó pẹ́ kó tó mú un, ṣùgbọ́n ó mú un. Ní ọjọ́ kan, ó sáré wọlé pé òun rí lẹ́tà òun lára ọkọ̀ kan ní gáréèjì, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ òun. Láti ọjọ́ náà, ó di pé ó ń wá lẹ́tà rẹ̀ kiri ìlú, lára páálí ọṣẹ, lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, lára ọ̀kadà. Ọ̀sán kan wá dé tí mo kọ gbólóhùn kan tí kò rí rí sórí pátákó: Bàbá gbé igbá kalẹ̀. Ó dúró níwájú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń mì kí ohùn tó jáde. "Bà... bá. Gb... gbé. Ì... i... gbá." Ẹ̀yin ọmọ mi, ohùn rẹ̀ tiro. Ó tiro bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀, inú mi sì dùn débi pé mo ní láti jókòó. N kò ní kó padà. Mo jẹ́ kó máa tiro lọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá dúró síbẹ̀, ǹ bá máa fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún yín.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fi iléèwé náà sílẹ̀, wọ́n ní ó ti lọ ń gun ọ̀kadà. Obìnrin kan ló gba ipò rẹ̀. Mojí, tí inú rẹ̀ ń dùn, kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ, ó fi àmì sórí lẹ́tà tó kẹ́yìn. Olùkọ́ náà fi bírò pupa fa ìlà sí i, ó ní ta ló ní kó da ìdọ̀tí sínú ìwé. Mojí dáhùn pé bàbá òun àgbà ni. Yorùbá ló fi dáhùn. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ sínú oòrùn títí àwọn yòókù fi ṣeré tán.

Nígbà tó délé, kò jẹun. Mo gbé pátákó jáde, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán.

"Bàbá, ẹ má kọ́ mi ní lẹ́tà onídọ̀tí yẹn mọ́."

"Kì í ṣe ìdọ̀tí, ọmọ mi. Bí o bá yọ ọ́ kúrò, orúkọ rẹ á di nǹkan mìíràn."

"Kó di nǹkan mìíràn," ló wí, ó sì wọlé.

Mo padà lọ sí iléèwé náà. Obìnrin náà kò rí mi fín, ó fún mi ní àga. Ó ní òun náà ní ọmọ nílé tí òun ń kọ́ bẹ́ẹ̀, pé ohun tí wọ́n gbé fún òun lòun ń ṣe. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kò purọ́. Ẹni tí mo lè bínú sí ni mo wá lọ, n kò rí i níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú mi ló wá dé. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣókùnkùn láti ẹ̀gbẹ́, mo rò pé ogbó ni. Ní ọsibítù ní Ìlaròó, wọ́n ní àrùn tó ń jí ìríran gbé díẹ̀díẹ̀ ni, pé èyí tó ti kó lọ kò ní dá a padà. Kí ọdún tó yí po, mi ò rí pátákó mọ́. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo pe Mojí, mo ní kó jẹ́ ojú fún mi, kí èmi jẹ́ ọgbọ́n fún un. Mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ lẹ́tà sára igi kí ìka mi lè mọ̀ wọ́n, mo gé ara mi lọ́wọ́, mo sì gbẹ́ ẹ síbẹ̀. Ó máa ń wá jókòó. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n fóònù àtijọ́ tí ìyá rẹ̀ fún un á máa dún lábẹ́ aṣọ rẹ̀, àwòrán inú rẹ̀ sì dùn ju igi tí arúgbó gbẹ́ lọ. Bí mo bá béèrè lẹ́tà, á dárúkọ èyíkéyìí, kò sì sí bí mo ṣe lè mọ̀ bóyá igi ló ń wò tàbí fóònù.

Fúnkẹ́ wá ní ọjọ́ ọjà kan. Ó kúnlẹ̀, ó sì jókòó tì mí.

"Bàbá, mo wá mú Mojí."

"Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ẹ ò ríran mọ́, òun ò sì mọ̀wé. Ta ni yóò máa wo ta nínú ilé yìí?"

"Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n, Fúnkẹ́. Ó ti ń kà á."

"Ìgbà wo, Bàbá?"

N kò lè dárúkọ ìgbà náà, torí ó ti pẹ́. Ó ní lọ́dọ̀ òun, ọmọ náà yóò gbọ́ Ègùn, yóò gbọ́ Faransé, yóò mọ ojú oníbàárà, nǹkan tí yóò fi jẹun. Mo ní iléèwé wà ní Tube náà. Ó ní, "Ó wà." Wọ́n lọ ní ọjọ́ kejì. Mojí di ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ti ọmọ tí a jókòó tì tí a kọ́, tí ẹ̀kọ́ náà kò dúró. Mo ti wá òwe tó kan ìyẹn. N kò rí i.

Ó wá kí mi ní Àjíǹde tó kọjá. Ohùn rẹ̀ ti le, ó ti ga, orí rẹ̀ kan èjìká mi. Ó kí mi ní Ègùn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun lè ta aṣọ fún ará Bẹ̀nẹ̀ lódìkejì ẹnubodè kí ìyá òun tó dé. A jókòó pọ̀ sórí àga gígùn tí ẹ jókòó sí yìí. Mo bi í bóyá ó ń lọ sí iléèwé. Ó ní nígbà mìíràn. Mo bi í bóyá ó ń kàwé. Ó mú ọwọ́ mi.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin ṣì ń kàwé ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Rárá o. Mi ò rí i mọ́. Ẹlòmíràn ló ń kà á."

Ó gbé orí lé apá mi. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, Bàbá. Èmi náà ò lè kà á. Ẹgbẹ́ ni wá báyìí."

Ó rò pé òun ń tù mí nínú ni. Mo ní ó ṣeun. Ìyá rẹ̀ wá pè é látìta pé ọkọ̀ Tube ti fẹ́ gbéra, ó dìde, ó sì sáré lọ.